Dókítà Ayẹni àti Àdììtú Òwúrọ̀

Ọ̀rọ̀ igba ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ dá sílẹ̀ bí wọ́n bá ti dárúkọ olóògbé Dókítà Jóṣúà Ayẹni, nítorí náà ibẹ̀ náà ni ká ti gbé e. Dókítà eyín ni, ó ti fẹ̀yìn tì, Bódìjà ló ń gbé. Òun ni olórí ẹgbẹ́ kan lórí Wásáàpù tí wọ́n ń pè ní Àdììtú Òwúrọ̀. Láràárọ̀ ló máa ń gbé àdììtú ọ̀rọ̀ kan síbẹ̀ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tú u, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ tú u ló láṣẹ láti fi ewì kékeré kan bú àwọn tó kù, láìsí ìjà. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà pé ọdún kan, Dókítà ní kí wọ́n wá sílé òun, kí wọ́n wá rí ojú ara wọn. Ohun tó tẹ̀ ránṣẹ́ nìyí: "E wa ni Satide. Ki onikaluku mu igba dani." Kò fi àmì ohùn kankan sí i. Ó ní ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá kò nílò àmì.

Lọ́jọ́ Sátidé, Túnráyọ̀ ló kọ́kọ́ dé. Nọ́ọ̀sì ni, òun ló bá Dókítà ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn eyín rẹ̀ ní Ring Road títí tí àwọn méjèèjì fi fẹ̀yìn tì. Igbá ńlá kan ló gbé wá láti Agbowó, ó rò pé wọ́n fẹ́ fi bu oúnjẹ ni. Alhaja Bàdírátù, tó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà ní ọjà Bódìjà, sọ̀kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ èso ìgbá tútù yọ̀yọ̀, ó ní òun ti fọ̀ ọ́, jíjẹ ló kù. Luqman, tó ń ta fóònù ní Ìwó Road, gbé okùn ńlá kan kọ́ èjìká. Igbà ni, èyí tí àwọn ẹlẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ló fi wá ẹni tí yóò yá a. Godswill ló dé kẹ́yìn. Àwọn òbí rẹ̀ wá láti Delta, àmọ́ Challenge ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló ti ń tún fíríìjì ṣe. Yorùbá rẹ̀ já gaara, bí ẹ bá sì rán an níṣẹ́, bí ẹ ṣe wí i gan-an ni yóò ṣe é. Ó gbé àpò ọ̀rá méjì sílẹ̀ níwájú Dókítà.

"Igba géérégé ni, sà. Mo tún un kà kí n tó kúrò nílé."

Súìtì ni.

Dókítà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo igbá, ó wo ìgbá, ó wo igbà, ó wo igba súìtì. Túnráyọ̀, tó ti mọ ojú rẹ̀ tipẹ́, rí i pé ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ bá a lójijì. Àmọ́ Dókítà kì í ṣe ẹni tí í gbà pé òun ṣàṣìṣe. Ó fọwọ́ ra irùngbọ̀n rẹ̀.

"Kò sí ẹni tó gbà á nínú yín," ló wí. "Ìgbà ni mo sọ. Mo ní kí ẹ mú àkókò dání, kí ẹnikẹ́ni má wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo aago nílé mi."

"Dókítà, ẹ rántí pé Ọlọ́run ń gbọ́ yín," ni Alhaja wí.

"Ọlọ́run gbọ́. Ẹ̀yin lẹ ò gbọ́."

Ni wọ́n bá jókòó, wọ́n da ìgbá Alhaja sínú igbá Túnráyọ̀, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń fi súìtì Godswill panu. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, Luqman dìde pé òun ń lọ. Dókítà ní kò lè lọ, pé àkókò tó mú wá kò tíì tán. Luqman ní òun kò mú àkókò wá, igbà lòun mú wá. Dókítà ní kó yáa gùn ún lọ sílé.

Àwọn tó mọ̀ ọ́n nígbà tó ṣì ń yọ eyín mọ ibi tí agídí yẹn ti ṣẹ̀. Ó fẹ́ràn àlọ́ àti àdììtú ju oúnjẹ lọ, ibi tó sì ti rí àwọn tí yóò máa pa á fún ni orí àga ilé ìwòsàn rẹ̀. Ẹni tí eyín ń dùn á ti nà gbalaja, owú á ti kún ẹnu rẹ̀, Túnráyọ̀ á ti gbé iná sí i lójú, Dókítà á wá tẹ̀ síwájú.

"Alàgbà, àwọn aláṣọ funfun méjìlélọ́gbọ̀n ń lọ ata láti àárọ̀, ẹnikẹ́ni ò rí ọbẹ̀. Kí ni o?"

"Ááà."

"Ó tì o. Ẹ tún un rò."

"Á-á-á."

"Nọ́ọ̀sì, kí ni wọ́n wí?"

"Ó jọ pé eyín ni wọ́n wí, Dókítà."

"Kò ṣe kedere. Mi ò lè gbà á."

Báyìí ni ọdún ń gorí ọdún tí ẹnikẹ́ni kò tú àdììtú Dókítà Ayẹni rí, òun náà sì gbà tọkàntọkàn pé ọgbọ́n òun ló pọ̀. Lọ́ọ́yà kan wà ní Jericho tí ọ̀rọ̀ náà ká lára débi pé ó padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Kò sí eyín tó ń dùn ún, ó kàn fẹ́ dáhùn ni. Dókítà kí i dáadáa, ó fi àga hàn án, ó ní kó lanu ná.

Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, ìyàwó rẹ̀ kú, ilé sì dákẹ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Olúwapamílẹ́rìn, tó ń gbé Jericho, pe Túnráyọ̀ lórí fóònù.

"Mà, Dádì ò fẹ́ máa dìde mọ́. Bí mo bá dé lọ́sàn-án, orí bẹ́ẹ̀dì ni mo máa ń bá wọn. Wọ́n á ní kí lòun fẹ́ dìde ṣe."

Túnráyọ̀ ronú sí i títí. Nígbà tó dé Bódìjà, kò kí Dókítà kú ọ̀fọ̀, kò sì bá a sunkún. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní: "Dókítà, wọ́n ń sọ nígboro pé àdììtú yín kì í le. Wọ́n ní ẹnu tó wà ní lílà ni kò jẹ́ kí àwọn tú u."

Dókítà dìde jókòó. "Ta ló wí bẹ́ẹ̀?"

"Wọ́n pọ̀."

Ọjọ́ yẹn gan-an ni Pamílẹ́rìn dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórí Wásáàpù fún un, tó fi Túnráyọ̀, Alhaja, Luqman àti Godswill sí i, àwọn tí Dókítà ti yọ eyín wọn rí tàbí tí wọ́n ti tún fíríìjì rẹ̀ ṣe. Nígbà tí Alhaja fi máa kírun àsùbáà tán lọ́jọ́ kejì, àdììtú ti wà nílẹ̀. Dókítà kọ ọ̀rọ̀ kan sí abẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹnu yín ti padé báyìí. Ẹ dáhùn."

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ igba yẹn, Dókítà kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ní kì í ṣe torí tòun, torí àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá ni. Àmọ́ bó ṣe kọ́ ọ tán ló di ọlọ́pàá àmì ohùn. Bí ẹ bá kọ "e kaaro" ránṣẹ́ sí i, kò ní jẹ́ yín títí ẹ ó fi tún un kọ. Nígbà míì ilẹ̀ á ti ṣú kó tó dáhùn pé ẹ káàárọ̀.

Luqman ni kò tètè mọ irú ẹni tó ń bá ṣe. Ó sú u láti máa gbẹ̀yìn lójoojúmọ́, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àdììtú Dókítà fún ẹ̀rọ kan lórí fóònù rẹ̀, irú èyí tí í dáhùn gbogbo ìbéèrè. Lọ́jọ́ kan Dókítà béèrè pé: "Ọ̀rọ̀ wo ni ẹ lè kà láti ẹ̀yìn wá síwájú tí kò ní yí padà?" Wéré ni ìdáhùn Luqman wọlé. Ọ̀pọ̀lọ́ ni, ló wí, àlàyé gígùn sì tẹ̀lé e nípa ọ̀pọ̀lọ́ àti odò àti ọgbọ́n àwọn baba ńlá wa. Ó tilẹ̀ gbàgbé láti yọ gbólóhùn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá: "Ṣé ẹ fẹ́ kí n ṣe ìrànlọ́wọ́ mìíràn fún yín?"

"A dúpẹ́," ni Dókítà kọ. "Ọ̀pọ̀lọ́ tí wọ́n bá kà láti ẹ̀yìn, kò ní lè fò mọ́. Ẹ bá wa kí Luqman."

Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni kò fi bá Luqman sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ ló ń kí láràárọ̀. "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀rọ. Ṣé Luqman ti jí?"

Àdììtú yẹn kan náà ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín Dókítà àti Túnráyọ̀. Bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀pọ̀lọ́ rẹ́rìn-ín ni Túnráyọ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ọ̀rọ̀. Ẹ kà á láti ẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ náà ni. Ìdáhùn ti wà lórí ìbéèrè."

"Igi ni," ni Dókítà wí.

"Igi náà bá a mu, Dókítà. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kò yí."

"Àdììtú mi ni. Igi ni mo ní lọ́kàn."

Túnráyọ̀ kò dúró kí ẹnikẹ́ni fún un láṣẹ, ó kọ ewì rẹ̀ jáde:

Dókítà béèrè ọ̀rọ̀ tí kì í yí,
mo ní ọ̀rọ̀ ni, ó ní igi ni.
Ẹni tó fi ọ̀rọ̀ béèrè ọ̀rọ̀,
tó wá kọ ọ̀rọ̀, tó dì mọ́ igi,
ẹ fi í sílẹ̀ kó máa bá igi sọ̀rọ̀.

Godswill rẹ́rìn-ín títí tí bọ́ọ̀tù fíríìjì kan fi bọ́ sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó tó rí bọ́ọ̀tù náà, Dókítà ti pa ewì náà rẹ́, torí pé olórí ẹgbẹ́ ní agbára bẹ́ẹ̀. Túnráyọ̀ wo àyè tó ṣófo náà. Gbogbo ọdún tó fi gbé iná fún un, kò na irin iṣẹ́ tí kì í ṣe èyí tó béèrè sí i rí, kò sì tàbùkù rẹ̀ níwájú àlejò. Ó tẹ bọ́tìnnì kan, ó jáde kúrò nínú ẹgbẹ́.

Òwúrọ̀ wá gùn ní Agbowó. Túnráyọ̀ á mú fóònù, á gbé e kalẹ̀, á gbálẹ̀ tó ti gbá. Inú bí i sí Dókítà, inú sì tún bí i pé òun kò mọ àdììtú tọ́jọ́ náà. Nígbà tó di ọjọ́ Sọ́ńdè, ó gbọ́ ìró ọkọ̀ kan lójúlé, ìró tí kò ṣe é ṣì mú. Kò sí ọkọ̀ mìíràn ní Ìbàdàn tó ń wúkọ́ bẹ́ẹ̀. Dókítà ló wọlé nínú aṣọ funfun Kérúbù tó fi lọ sí ìsìn, ó gbé ọsàn sínú ọ̀rá.

"Nọ́ọ̀sì, mò ń kọjá lọ sí Dùgbẹ̀ ni, mo ní kí n yà."

"Láti Bódìjà, ẹ gba Agbowó lọ sí Dùgbẹ̀?"

"Ọ̀nà pọ̀."

"Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe ní Dùgbẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè? Ṣebí wọ́n ti tì í."

"Mo fẹ́ lọ wò ó bóyá wọ́n tì í."

Túnráyọ̀ gba ọsàn, ó fún un ní àga.  Dókítà wo òrùlé, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà bá a mu," ló wí nígbẹ̀yìn.

"Àwọn wo ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Àwọn tó gbọ́ Yorùbá."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

Dókítà tún fọwọ́ ra irùngbọ̀n. "Mo wà lára wọn."

Kò sí ẹni tó gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu Dókítà Ayẹni ṣáájú ọjọ́ yẹn. Túnráyọ̀ padà sínú ẹgbẹ́ kí ọkọ̀ náà tó wúkọ́ dé Bódìjà. Lọ́jọ́ kejì, Dókítà fúnra rẹ̀ tún ewì náà gbé jáde, ó kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé ewì náà dára, àmọ́ ìlà karùn-ún gùn jù.

Ìgbà tí Alhaja Bàdírátù ṣàìsàn ni Túnráyọ̀ tó mọ̀ pé òun kò tíì mọ ọ̀gá òun tán. Àìsàn rọpárọsẹ̀ ni, ó mú un lápá ọ̀tún, ó sì mú un lẹ́nu. Alhaja tí kì í tẹ ọ̀rọ̀, tó jẹ́ ohùn ló máa ń fi ránṣẹ́, tí gbogbo ariwo ọjà Bódìjà á sì bá a wọlé, kò lè pe orúkọ ife tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ á dé ọ̀nà ọ̀fun, á padà. Nígbà tó kúrò ní ọsibítù, ó dákẹ́ sílé, fóònù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án.

Dókítà pe àwọn yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan. "Láti ọ̀la lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dáhùn ṣáájú Alhaja. Ẹni tó bá dán an wò, n óò yọ eyín rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, láìsí abẹ́rẹ́."

Àdììtú ọjọ́ kejì nìyí: "Ó funfun, wọ́n ń sè é, wọ́n ń tà á ní ọjà Bódìjà, àwọn ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀. Ì ló fi bẹ̀rẹ̀, ì ló fi parí."

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Godswill jókòó lé ọwọ́ ara rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó pẹ́, kí Alhaja má baà fura sí ìdákẹ́jẹ́ náà, ó kọ ọ́ pé tòní le o. Luqman ní ṣé kì í ṣe bàtà. Dókítà ní kó lọ bi ẹ̀rọ. Oòrùn ti gun orí kí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó yọ, èyí tí wọ́n fi àtàǹpàkò òsì tẹ̀: "iresi".

Dókítà kò béèrè àmì ohùn. "Alhaja ti gbà á," ló kọ. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ro àdììtú yìí, mi ò mọ̀ pé èèyàn kan wà tó lè tú u."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a lọ. Ẹ̀wà, iyọ̀, omi, ilé. Nígbà tó yá, ohùn rọ́pò títẹ̀. Ohùn náà wúwo, ó ń já sọ́nà, àmọ́ ohùn Alhaja ni. Bí ohùn náà ṣe ń lágbára ni àdììtú ń le sí i díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń fi omi kún agbada láìjẹ́ kó dà. Lọ́jọ́ kan, Túnráyọ̀ wà nínú takisí tó ń lọ sí Challenge nígbà tí Alhaja tú àdììtú tó le gan-an, tó sì fi ewì lé e, ewì tirẹ̀ àkọ́kọ́ látìgbà àìsàn. Luqman ló fi bú, ó ní orí rẹ̀ dà bí fóònù tí wọ́n tà láìsí bátìrì. Túnráyọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

"Mà, ṣé kò sí wàhálà?" ni awakọ̀ béèrè.

"Wọ́n bú ẹnì kan ni."

"Ẹ̀yin ni wọ́n bú?"

"Rárá," ni Túnráyọ̀ wí. "Ó dùn mọ́ mi ni."

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Dókítà Ayẹni sùn, kò jí. Àdììtú tọ́jọ́ náà kò dé. Kí Pamílẹ́rìn tó pe ẹnikẹ́ni, gbogbo wọn ti mọ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì kún lọ́jọ́ ìsìnkú. Alhaja bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bíi tàwọn ọlọ́ṣọ́ọ̀ṣì, ó di ọ̀pá rẹ̀ mú, ó jókòó láàárín Túnráyọ̀ àti Godswill. Luqman wà lẹ́yìn wọn. Wòlíì tó ń darí ìsìn fẹ́ wàásù, àmọ́ ẹ̀rín ń gbé e lọ. Ó ní òun rí ìran kan rí nípa Dókítà, òun sì tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí i pé: "Mo ri oko nla kan to n bo nile yin." Dókítà dá a lóhùn pé: "Ẹ fi àmì sí i. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ ni, n óò ṣí géètì. Bó bá jẹ́ ọ̀kọ̀ ni, n óò tì í." Àwọn ọmọ ìjọ rẹ́rìn-ín débi pé ọ̀kan nínú àwọn akọrin jókòó sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn ọ̀rẹ́ olóògbé sọ̀rọ̀, Alhaja dìde. Túnráyọ̀ fẹ́ bá a dìde, Alhaja mi orí. Ó rìn lọ síwájú, ó di ọ̀pá mú, ó ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Gbogbo yín rò pé mi ò mọ̀," ló wí. "Ìrẹsì. Èmi tí mo ń ta ìrẹsì láti kékeré, wọ́n ní kí n wá mọ ìrẹsì."

Luqman wolẹ̀.

"Mo mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó béèrè tán. Ìka mi ni kò yá. Mi ò tiẹ̀ fẹ́ dáhùn. Inú ń bí mi sí gbogbo ayé nígbà yẹn. Àmọ́ Pamílẹ́rìn pè mí. Ó ní bàbá òun kì í fọwọ́ kan ẹ̀kọ àárọ̀ àfi bí mo bá dáhùn. Wọ́n á gbé e síwájú, wọ́n á máa wo fóònù. Ni mo bá ń dáhùn. Kì í ṣe torí àdììtú. Torí kí ẹ̀kọ má baà tutù."

Ẹ̀rín tún sọ, àmọ́ kò dún bíi ti àkọ́kọ́. Níwájú, Pamílẹ́rìn ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omi lójú, ó ń fi ìborùn nù ún.  Túnráyọ̀ ti rò pé òun ló jí Dókítà dìde lórí bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́sí, Dókítà ti rò pé òun ló ń jí Alhaja, Alhaja sì ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé òun náà ní ẹni tí òun ń jí.

Alhaja ní ewì kan wà lẹ́nu òun. Kò mú ìwé dání.

"Ayẹni, oníṣẹ́ eyín,
ẹni tó kó ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu
nígbà tí ẹnu mi ṣófo.
Kò gbà á lọ́wọ́ mi, kò bá mi sọ ọ́,
ó jókòó tì mí bí..."

Ọ̀rọ̀ náà kò jáde. Alhaja lanu, ó pa á dé, ó tún là á. Ojú rẹ̀ ń wá nǹkan náà kiri lókè àjà. Godswill mọ̀ ọ́n tàbí kò mọ̀ ọ́n, ètè rẹ̀ ń mì, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́. Luqman fọwọ́ bo ẹnu. Wòlíì fẹ́ ràn án lọ́wọ́, Pamílẹ́rìn rọra di apá aṣọ rẹ̀ mú. Fáànù ń yí lókè. Ní gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì náà, láti orí àgbà dé orí ọmọ, kò sí ẹni tó bá a sọ ọ́.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Alhaja wí. "Ó jókòó tì mí bí ẹ̀gbọ́n."

Ó rìn padà sí àyè rẹ̀, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ tì, ó mí kanlẹ̀.

"Ó pẹ́ kí n tó rí i," ló sọ sí Túnráyọ̀ létí.

"Kò pẹ́," ni Túnráyọ̀ wí.